Ohun tí Ìtọ̀ Sọ fún Mi

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní kékeré ni a ti í pẹ̀ka ìrókò. Ìtọ̀ ni ó kọ́ mi ní ìtumọ̀ òwe yìí.

Oyún àkọ́bí mi pé ọ̀sẹ̀ 36 nígbà tí ẹsẹ̀ àti ojú mi bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ìyá ọkọ mi rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ìyàwó mi, ọkùnrin ni o gbé sínú." Mo gbà wọ́n gbọ́. Orí tí ń fọ́ mi pàápàá, àìsùn ni mo kà á sí.

Ní ọjọ́ àyẹ̀wò, agbẹ̀bí ti bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ inú ìtọ̀ mi. Ojú kan lára rẹ̀ di àwọ̀ ewé. Mo ní, "Nọ́ọ̀sì, bóyá iyọ̀ ni mo jẹ jù."

"Rárá o, ìyá. Purotéènì ni. Inú ẹ̀jẹ̀ ni ó yẹ kí kíndìnrín dá a dúró sí."

Wọ́n wọn ìfúnpá mi: 150/100, bẹ́ẹ̀ 140/90 ti tó í kọminú sí. Àrùn tí à ń pè ní pre-eclampsia ni; lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 20 ni í sábà yọjú, ó sì lè di gìrì tí í pa ìyá àti ọmọ. Wọ́n ní kì í ṣe gbogbo ìtọ̀ tí ó bá yí bébà padà ni tirẹ̀: kòkòrò ilé ìtọ̀ ń bẹ, ṣúgà díẹ̀ sì lè bá ìtọ̀ aboyún jáde láìsí àtọ̀gbẹ. Ìdí nìyí tí a fi ń ṣe àyẹ̀wò mìíràn tẹ̀ lé e.

Wọ́n dá mi dúró. Ní ọ̀sẹ̀ 37 wọ́n fún mi ní oògùn ìrọbí, mo sì bí obìnrin.

Láti ìgbà náà, bí aboyún kan nínú ẹbí bá ní ẹsẹ̀ òun wú, ìyá ọkọ mi ni í kọ́kọ́ bèèrè pé, "Ṣé o ti gbé ìtọ̀ lọ?"