Alùpùpù Alábẹ̀wò Ilé-Ìwé

Ní ọdún 1956, ọdún tí Ọbabìnrin Elizabeth Kejì fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Nàìjíríà, tí tọmọdé tàgbà Ìbàdàn Mesìọ̀gọ̀, ilé Olúyọ̀lé, sì tú síta láti fi ojú kàn án, ni baba wa ra alùpùpù BSA Bantam kan ní Dùgbẹ̀, lórí owó tí ìjọba yá a, tí wọ́n sì ń yọ díẹ̀díẹ̀ nínú owó oṣù rẹ̀. Iṣẹ́ ni ó rà á fún. Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kìíní ọdún 1955 ni ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti ṣí ilẹ̀kùn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn, tó bẹ́ẹ̀ tí iye àwọn ọmọ ilé-ìwé, tí kò tó 500,000 lọ́dún tó ṣáájú, fi lé ní 800,000 lẹ́ẹ̀kan náà. Ilé-ìwé ń yọ ní abúlé tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Ẹnìkan sì ní láti lọ wò ó bóyá òrùlé ti bo ilé tí wọ́n ní àwọn ti kọ́ parí, bóyá tíṣà wà ní kíláàsì, àti bóyá àwọn ọmọ tí orúkọ wọn wà nínú rẹ́jísítà jẹ́ ọmọ tí ìyá bí, kì í ṣe ọmọ tí gègé kọ. Baba wa ni ẹni náà ní apá tiwa. Kẹ̀kẹ́ kò lè gbé e dé Àkànrán, Lálúpọn, Ìjàyè àti Ọmí-Àdió kí ó sì dá a padà kí ilẹ̀ tó ṣú, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà oko ìgbà náà kò gba mọ́tò lásìkò òjò.

Bantam náà kì í ṣe ọkọ̀ ọlọ́lá. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ju 123 sísì lọ, jíà mẹ́ta ni ó ní. Àwọ̀ ewé tó ṣá díẹ̀ ni ara rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ táǹkì rẹ̀ méjèèjì ní àwọ̀ wàrà, wọ́n sì ya àkùkọ kan síbẹ̀ tó gbé àyà sókè. Ìdérí táǹkì náà ní ife kékeré kan tí baba wa fi ń wọn ọ́ìlì mọ́ bẹntiróòlù, nítorí pé irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ kò ní ibi tí ó ń pa ọ́ìlì mọ́ sí: inú epo tí ó ń jó ni ọ́ìlì ń gbà dé ibi tí irin ti ń ha irin nínú rẹ̀. Baba wa a bẹ̀rẹ̀ mọ́ táǹkì náà láàárọ̀ kùtùkùtù, a gbé ìdérí sókè sí ojú mọ́mọ́, a da ọ́ìlì sí i títí yóò fi dọ́gba pẹ̀lú ẹnu rẹ̀, kò ní lé, kò ní dín, lẹ́yìn náà ni yóò mi ọkọ̀ náà síwá sẹ́yìn kí epo àti ọ́ìlì lè gbara wọn mọ́ra. Kò sí ọmọ tí ó gbọ́dọ̀ pè é ní àkókò yẹn.

Orírun ọkọ̀ yìí jìnnà ju Dùgbẹ̀ lọ. Ní Zschopau, nílẹ̀ Jámánì, ni ilé-iṣẹ́ DKW ti ṣe baba ńlá rẹ̀, RT 125, kí Ogun Àgbáyé Kejì tó gbóná. Nígbà tí ogun sì parí, tí Jámánì fìdí rẹmi, àwòrán ọkọ̀ náà di ìkógun. Àwọn ará Rọ́ṣíà ṣe tiwọn, Harley-Davidson ṣe tirẹ̀ ní Amẹ́ríkà, Yamaha ní Jàpáànù sì fi í ṣe àwòkọ́ṣe fún YA-1, alùpùpù tó kọ́kọ́ gbé jáde ní 1955. Èyí tó bọ́ sọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì lọ sí Birmingham, sí ilé-iṣẹ́ BSA tí àwọn tó ń rọ ìbọn dá sílẹ̀ ní 1861, ibẹ̀ ni Bantam ti jáde ní 1948. Ògún Lákáayé ló ni ín láti ìpìlẹ̀, ẹ ò rí nǹkan: irin tí ajagunṣẹ́gun kó nílé ọ̀tá, tí ọwọ́ arọ́bọn tún rọ, òun ni ó wá ń gbé alábẹ̀wò ilé-ìwé la ẹrẹ̀ Àkànrán kọjá kí àwọn ọmọ àgbẹ̀ lè mọ ìwé kà. Mi ò mọ irin mìíràn tí àtúnbọ̀tán rẹ̀ dára tó bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe ebi ni ó mú wa ta Bantam náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1975 ni ìjọba Ọ̀gágun Yakubu Gowon san owó Udoji, àfikún owó oṣù tí wọ́n kà sẹ́yìn dé oṣù kẹrin ọdún 1974, tí gbogbo òṣìṣẹ́ ìjọba sì gba àjẹsílẹ̀ oṣù púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tí kò ní rédíò ra rédíò, ẹni tó ní kẹ̀kẹ́ ra Honda, baba wa ra Volkswagen. Ọjọ́ tí akọ̀wé oníkòkó kan láti Dùgbẹ̀ wá gbé Bantam lọ, ìrẹsì àti ẹran adìyẹ ni a jẹ, inú mọ́tò tuntun ni àwa ọmọ sì jókòó sí títí ilẹ̀ fi ṣú. Kò sí ẹni tó sin ín dé ẹnu ọ̀nà. Ohun tí ìyà bá mú ni tà, ojú ẹni a máa bá a lọ dé ilé ẹni tó rà á. Èyí tí a bá tà nígbà ọ̀pọ̀, ẹ̀yìn ni à ń kọ sí i. Nígbà tí ètò àtúntò ọrọ̀-ajé tí wọ́n ń pè ní SAP dé ní 1986, tí owó ìfẹ̀yìntì kò ká táyà mọ́, Volkswagen náà wọ abẹ́ igi máńgòrò ní ilé wa ní Agbowó, ibẹ̀ ni ìpẹtà ti jẹ ẹ́ tán. Láàárín àkókò yẹn gan-an ni alùpùpù gba ìgboro kan, tí àwọn tó ti kàwé jáde ní Yunifásítì tó wà lójúkojú wa ń fi kó èrò láti lè jẹun.

Lẹ́yìn tí baba wa papòdà ni a rí ìwé ọkọ̀ náà nínú pọtimáńtò rẹ̀: rìsíìtì tí ó fi rà á, tí nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì àti nọ́ńbà ṣàsí wà lórí rẹ̀ ní lẹ́tà dúdú gbàgàdà, àti ìwé àdéhùn tí ó fi tà á, tí òun àti akọ̀wé oníkòkó buwọ́ lù lórí sítáǹbù. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fẹ́ kí a dá wọn padà sínú pọtimáńtò. Àbúrò wa tó wà ní Ìlú Ọba ni kò gbà, ó ní níbi tí òun wà, nọ́ńbà yẹn nìkan tó láti fi wá ọkọ̀ kàn. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ̀ mí létí. Ọkọ̀ lè pààrọ̀ táyà, ó lè pààrọ̀ táǹkì, wọ́n lè kùn ún ní ọ̀dà tó wù wọ́n, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n gbẹ́ sí i lọ́rùn láti Birmingham kò ní kúrò: kò sí bí a ó ti ṣe ebòlò kí ó má rùn igbẹ́.

Abèèrè ọ̀nà kì í sì í ṣìnà. Akọ̀wé oníkòkó ti kú, ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ wà láàyè, ó sì rántí ọkọ̀ náà dáadáa, nítorí pé orí rẹ̀ ni ó wà lọ sí ilé ìgbẹ̀bí nígbà tí ó fẹ́ bí àkọ́bí rẹ̀. Lẹ́bàá odò Ògùnpa ni ilé wọn wà. Ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ ọdún 1980, ọjọ́ tí Ìbàdàn kò lè gbàgbé, tí Ògùnpa kún bo bèbè, tí ó wó ilé tí ó sì gbé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀mí lọ, omi gbé Bantam kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì lọ rì í mọ́ ẹrẹ̀ lẹ́yìn ògiri ẹlòmíràn. Àwọn ẹ̀mí ilé náà yè, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ọkọ rẹ̀ ta irin náà fún ọ̀dọ́mọkùnrin mẹkáníìkì kan tí ó ń kọjá lọ, ní iye tí kò tó owó ẹran ọbẹ̀. "Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní ibi tí wọ́n ń pè ní Challenge ni ìsọ̀ òun wà," ni màmá náà wí, "bí kò bá tíì kú, àgbàlagbà ni báyìí."

Kò tíì kú. Láàárín Ring Road àti Challenge, ní ẹ̀yìn ibi tí àwọn ọlọ́kadà ń tò Bajaj wọn sí, ni mo ti bá a, bàbá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí gíríìsì ti di àwọ̀ èékánná rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un, nítorí ó jù mí lọ. Nígbà tí mo rò fún un tán, kò sọ̀rọ̀. Ó kàn nawọ́ sí igun ìsọ̀ rẹ̀. Mo rí alùpùpù kan níbẹ̀ tí táyà iwájú rẹ̀ jẹ́ ti Honda, tí kábúrétọ̀ ará Ṣáínà kan wà lára rẹ̀, tí táǹkì rẹ̀ tẹ̀ wọnú ní ẹ̀gbẹ́ kan, láìsí àkùkọ. Mo na ìwé mi sí bàbá náà. Ó kọ̀ ọ́.

"Ẹ dì í mú, kí ẹ má kà á sókè," ni ó wí. "Èmi ni n ó ka ti ara irin. Ẹ̀yin ẹ fi ojú bá mi lọ."

Ó fi kẹrosíìnì rẹ búrọ́ọ̀ṣì onírin, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ha ọrùn ọkọ̀ náà, níbi tí háńdù ti wọ inú férémù. Ọ̀dà dúdú ni ó kọ́kọ́ ṣí, èyí tí òun fúnra rẹ̀ kùn. Búlúù yọ lábẹ́ rẹ̀, ti akọ̀wé oníkòkó. Láàárín dúdú àti búlúù náà, ẹrẹ̀ pupa tín-ín-rín kan wà ní ojú ìsopọ̀ irin, bàbá náà sì fi ìka kàn án, ó ní, "Ògùnpa." Lẹ́yìn náà ni àwọ̀ ewé yọ, kò ju ojú èékánná lọ, ó sì ń dán. Ó nu nọ́ńbà náà, ó gbé awò ojú rẹ̀ wọ̀, ó sì kà á, lẹ́tà kan lẹ́yìn èkejì, nọ́ńbà kan lẹ́yìn èkejì, títí ó fi kà á tán. Omi ti bò mí lójú kí ó tó dé ìdajì, ṣùgbọ́n mo tẹ̀ lé e dé òpin. Kò sí èyí tó yẹ̀.

Mo ti rò pé ìtàn náà parí síbẹ̀, àfi bí a ó ti dúnàádúrà. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà sì ju èje lọ. Bàbá náà sọ fún mi pé láti nǹkan bí ọdún 1990 ni òun kò ti gun ọkọ̀ náà mọ́, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ iṣẹ́ kan tó gba òmìnira lọ́wọ́ òun tí kò tú ẹ́ńjìnnì yẹn palẹ̀ kí ó sì tò ó padà títí yóò fi tẹ kíìkì tí yóò sì dáhùn. Ó ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún mi bí ẹni tó ń bá ọmọ kíláàsì kìíní sọ̀rọ̀, mo sì dúpẹ́ pé ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ́ńjìnnì Bajaj ní fáàfù, ó ní kámù, ó ní ṣéènì tó ń yí wọn. Ọmọ tó bá ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ yóò há a sórí ni, kò ní yé e. Bantam kò ní fáàfù kankan. Písítìn fúnra rẹ̀ ni ilẹ̀kùn: bí ó ti ń gòkè tí ó ń sọ̀kalẹ̀ ni ó ń ṣí ihò tí epo ń gbà wọlé, tí ó ń pa á dé, tí ó sì ń ṣí èyí tí èéfín ń gbà jáde. Ọmọ tó bá fi ojú ara rẹ̀ rí ìyẹn, tí ó fi ọwọ́ yí i wò, bàbá ní kò sí ẹ́ńjìnnì tí yóò dẹ́rù bà á mọ́ láyé.

Ó wá mú ìwé kan jáde láti inú àpótí irinṣẹ́, ìwé àjákọ ọmọ iléèwé tí ọ́ìlì ti mú ojú rẹ̀ dán. Orúkọ àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ni ó wà níbẹ̀, ọjọ́ tí ẹnì kọ̀ọ̀kan tú Bantam, ọjọ́ tí ó tò ó tán, àti ohun tí ó ṣì. Ọ̀kan gbàgbé gásíkẹ́ẹ̀tì. Òmíràn fi ríǹgì sódì. Àwọn kan nínú wọn ti ní ìsọ̀ tiwọn ní Iwo Road àti Mọ́nìyà, ọ̀kan wà ní Kútọnu. Mo jókòó lórí táyà, mo ka ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì ṣe mí bí i pé mo ti mọ ọwọ́ ìkọ̀wé tí kò jọ ti baba wa rárá.

Àbúrò mi ní kí a ra ọkọ̀ náà ní iyekíye, kí a tún un ṣe bí wọ́n ti ń ṣe ní Ìlú Ọba, kí ó dúró ní pálọ̀ mi ní Bódìjà. Ìfẹ́ baba ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, n kò sì bínú sí i. Ṣùgbọ́n mo kọ̀, mo sì tún kọ̀. Ìgbà tí ọwọ́ wa dẹ̀ ni a dágbére fún ọkọ̀ náà. Ta ni wá tí a ó fi owó pọ́ùn gbà á lọ́wọ́ ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ ẹrẹ̀ Ògùnpa nínú rẹ̀, tí ó fi tọ́ ọmọ, tí ó sì fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ? Bàbá fúnra rẹ̀ kò dárúkọ iye kankan. Bí ọkọ̀ yẹn bá wọ pálọ̀ mi, yóò mọ́, yóò dán, àwọn àlejò yóò yìn ín, kò sì ní kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan mọ́. BSA pàápàá dẹ́kun ṣíṣe irú Bantam yìí ní 1971. Ní Challenge, ó ṣì ń ṣiṣẹ́.

Ohun kan ṣoṣo ni bàbá béèrè: ìwé ọkọ̀ náà, nítorí pé láti ọdún 1980 ni kò ti ní ìwé kankan tí yóò fi hàn pé òun kò jí i. A ya ẹ̀dà rẹ̀ fún ara wa, a sì fún un ní ojúlówó, rìsíìtì 1956 àti ìwé àdéhùn 1975, pẹ̀lú ìwé kẹta tí èmi, ẹ̀gbọ́n mi àti ìyàwó akọ̀wé oníkòkó jọ buwọ́ lù. Àbúrò mi náà ti gba fún wa, kódà òun ló ń wá àwọn ẹ̀yà ara rẹ̀ báyìí. Ó pè mí pé òun ti rí ríǹgì àti kábúrétọ̀ Amal, èyí tó jẹ́ tirẹ̀ gan-an. Mo gbé fóònù fún bàbá. Ó ní kí ó fi ọ́ìlì síìlì kíráǹkì kún un, nítorí pé bí atẹ́gùn bá ń gba ẹ̀gbẹ́ kíráǹkì wọlé, ríǹgì tuntun kò lè ràn án. Àbúrò mi béèrè ìwọ̀n rẹ̀. Bàbá ní kí ó ṣe sùúrù di ọ̀la, ọmọ kan ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ láti Agbowó, òun ni yóò tú u, òun ni yóò sì wọ̀n ọ́n.