Ẹ̀rọ Tó Ní Ìrántí, Tí Kò Ní Etí

Orin Yorùbá kì í sábà dá rìn. Ẹnì kan a lé e, àwọn mìíràn a gbè é. Nínú ọ̀wọ́ ìlù dùndún, gúdúgúdú a di ọ̀nà kan mú ṣinṣin. Kẹríkẹrì àti ìṣáájú a dúró tì í. Orí ìpìlẹ̀ yìí ni ìyáàlù ti ń rí ààyè sọ̀rọ̀. Bí ẹ̀rọ kékeré kan bá wá dé, tó ní òun nìkan yóò ṣe iṣẹ́ gbogbo àwọn elégbè wọ̀nyí, ṣé kí a gbà á gbọ́? Ìbéèrè yìí kì í ṣe eré lójú mi, nítorí ẹ̀rọ náà ni mo fi ń jẹun.

Loop pedal ni àwọn onígìtá ń pè é. Lúùpù ni n ó máa pè é níhìn-ín. Àpótí kékeré tí a ń gbé sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ni. Bí olórin bá fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gba ohùn sílẹ̀. Bó bá tún un tẹ̀, ohùn náà yóò padà sí ìbẹ̀rẹ̀, yóò sì máa yí po títí olórin yóò fi dá a dúró. Olórin lè wá kó ohùn kejì lé e, kó ẹ̀kẹta lé ìyẹn, títí ẹnì kan ṣoṣo yóò fi máa dún bí ènìyàn mẹ́fà.

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tòní. Ní 1963, ní ìlú Paris, Terry Riley, ọmọ Amẹ́ríkà, ti fi téépù àti ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ méjì ṣe irú rẹ̀. Nígbà tí Robert Fripp àti Brian Eno gbé àwo “No Pussyfooting” jáde ní 1973, ọ̀nà kan náà ni wọ́n tọ̀: téépù kan gba inú ẹ̀rọ méjì kọjá, èkíní ń gba ohùn sílẹ̀, èkejì ń gbé e jáde, ó sì ń dá a padà fún èkíní. Bí ẹ̀rọ méjèèjì bá ṣe jìnnà síra tó ni ohùn yóò ṣe pẹ́ tó kó tó padà. Ní 2004, KT Tunstall, ọmọbìnrin ilẹ̀ Scotland, dá nìkan fi lúùpù kọ “Black Horse and the Cherry Tree” lórí ètò Jools Holland ní tẹlifíṣọ̀n BBC. Orin ọjọ́ náà wà lára ohun tó sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká.

Èmi kò ra tèmi nítorí òkìkí. Àwa mẹ́rin la wà nínú ẹgbẹ́ olórin wa ní Ìbàdàn. Onílù wa lọ sí Kánádà. Elégbè wa lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ẹnì kẹta ríṣẹ́ sí Àbújá. Ó wá ku èmi àti gìtá mi, bẹ́ẹ̀ àwọn ènìyàn ṣì ń pè wá sí òde. Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Mo fi owó ra ọwọ́ kejì.

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí ó kọ́ mi ni ìṣọ́ra. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Bí orin bá ń lọ ní ìró 120 ní ìṣẹ́jú kan, ìró 16 yóò gba ìṣẹ́jú àáyá 8. Bí ẹsẹ̀ olórin bá fi ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá pẹ́, orin yóò máa tiro níbi kan náà ní gbogbo ìgbà tó bá yí po. Nínú orin oníṣẹ́jú 4, yóò tiro tó ìgbà 30. Ẹyin lohùn, ṣùgbọ́n ẹyin tó fọ́ sínú lúùpù kì í fọ́ lẹ́ẹ̀kan mọ. Ènìyàn tó ń lùlù ì bá ti gbọ́ ọ, ì bá sì ti tún un ṣe kí òǹwòran tó fura.

Ẹ̀kọ́ kejì jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Níbi ìsìnkú àgbà kan, mo ti to ohùn mẹ́rin léra, òde sì ti ń gbóná, nígbà tí ìyá àgbàlagbà kan dìde, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ki olóògbé. Oríkì kì í tẹ̀lé aago. Màmá dúró níbi tó wù wọ́n, wọ́n yára níbi tó wù wọ́n, omijé sì dá wọn dúró lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀rọ mi ń yí lọ bí ẹni pé kò sí ẹni tó kú. Mo fi ẹsẹ̀ pa á. Mo wá rọra ń fi ìka kan ta okùn gìtá, bí wọ́n bá dúró, èmi náà a dúró. Nígbà tó yá, àwọn ọmọ olóògbé bẹ̀rẹ̀ sí í gbè é.

Ọjọ́ náà ló yé mi pé gbígbè ju kí a tún ohùn sọ lọ. Lóòótọ́, gúdúgúdú jọ ohun tó ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ṣùgbọ́n etí ẹni tó ń lù ú wà lọ́dọ̀ ìyáàlù. Bí ìyáàlù bá yí padà, òun náà a yí. Lúùpù ní ìrántí, kò ní etí. Ohun tí mo ti sọ tẹ́lẹ̀ ló mọ̀. Kò mọ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé.

Síbẹ̀, n kò gbé e jù nù. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ bá ní irú rẹ̀ nílé ẹ̀kọ́, ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ gba ìró 16 sílẹ̀, kó sì tẹ́tí sí ara rẹ̀. Kò sí olùkọ́ tó lè bá a wí tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ pa ẹ̀rọ náà, kí ẹ sì ní kí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá a gbè é, kó lè gbọ́ ìyàtọ̀ fúnra rẹ̀. Ní tèmi, mo ṣì ń to ìlù àti gìtá sínú lúùpù lóde, ṣùgbọ́n n kì í fi ègbè sí i mọ́. Àwọn tó wá síbẹ̀ ni mo ń fi ìyẹn sílẹ̀ fún.