Ẹ̀yìn Mi Ò Gbẹrù Mọ́

Ẹ̀yin tí ẹ ń jó lóde àríyá, ẹ ò mọ ohun tójú onígìtá béèsì ń rí. Orí ampilifáyà mi àtijọ́ nìkan tó kílò 38: tiransifọ́mà onírin àti gílóòbù ló kún inú rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, lórí àtẹ̀gùn alájà mẹ́ta ní Mushin, ẹ̀yìn mi ró kèù.

"Bàbá Tọ́lá, ṣé gìtá ni yóò pa yín ni?" Ìyàwó mi ló bi mí bẹ́ẹ̀.

Mo bá ra irú tí wọ́n ń pè ní Class D, tí kò tó kílò 2. Kì í fi iná ṣòfò púpọ̀ sínú ooru. Dípò àpótí sípíkà ńlá kan, mo ra kékeré méjì, onímágínẹ́ẹ̀tì neodymium tó fúyẹ́: ọ̀kan fún inú ilé, méjèèjì fún ìta gbangba.

Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa rí i, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ojú tì mí díẹ̀. Mo ta okùn tó nípọn jù, ẹ̀rín dá. Àṣé dídùn béèsì ò sí nínú ìwúwo àpótí!