Tòkunbọ̀ àti Ìwádìí

Ọmọ tí a bí sí òkè òkun tí a sì gbé wá sílé ni Yorùbá ń pè ní Tòkunbọ̀. Láti ìgbà tí ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ọdún 1986 ti sọ náírà di yẹpẹrẹ, tí ọkọ̀ tuntun sì kọjá agbára òṣìṣẹ́ ìjọba, ni a ti fi orúkọ ọmọ náà pe ọkọ̀ àlòkù àti ẹ́ńjìnnì àlòkù. Orúkọ náà dùn létí. Ṣùgbọ́n kò lè sọ fún wa ohun tí ojú ẹ́ńjìnnì ti rí kó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣiṣẹ́ ní olú ilé-iṣẹ́ ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní Àbẹ̀rẹ̀ fẹ́ ra ẹ́ńjìnnì Mazda RX-8. Wọ́n ti tú u kúrò lára ọkọ̀, wọ́n ti yọ lára àwọn ẹ̀yà rẹ̀, wọ́n sì gbé e lé orí táyà. Irú ẹ́ńjìnnì yìí, èyí tí Felix Wankel ará Jámánì pilẹ̀ rẹ̀, kò ní pístìn. Irin onígun mẹ́ta méjì ló ń yí nínú rẹ̀. Irin pẹlẹbẹ tẹ́ẹ́rẹ́ wà ní igun kọ̀ọ̀kan, tí kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ jò.

Ojú ń ti ọ̀rẹ́ mi láti ní kí a dán an wò, nítorí àgbàlagbà ni ọlọ́jà, ó sì ti bi í pé, “Ṣé o ò gbà mí gbọ́ ni?” Mẹkáníìkì ló dáhùn: “Bàbá, ẹ má bínú. Ẹ́ńjìnnì ni à ń bi léèrè, a ò bi yín.” Ó de gíà mọ́ ọn padà kí sítátà lè rí ibi jókòó, ó gbé bátìrì wá, ó yọ púlọ́ọ̀gì kan, ó sì ki géèjì bọ̀ ọ́. Ọlọ́jà ní kí a kọ́kọ́ bu ọ́ìlì díẹ̀ sí i. Ó kọ̀, nítorí ọ́ìlì a máa dí àlàfo, a sì máa sọ ọ̀lẹ di akin fún ìṣẹ́jú díẹ̀.

Ó ṣí ìhò géèjì sílẹ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ lè máa fò. Ìfò mẹ́ta-mẹ́ta ló yẹ kó máa ṣe, kí wọ́n sì dọ́gba. Irin kìn-ín-ní ṣe bẹ́ẹ̀. Ti ìkejì fò gíga lẹ́ẹ̀kan, ó sì rẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Bí irin tẹ́ẹ́rẹ́ igun kan bá jẹ, ojú méjì tó pààlà níbẹ̀ ni agbára wọn máa ń dínkù. Ọ̀rẹ́ mi kó owó rẹ̀ padà sápò.

Èso ọ̀pọ̀tọ́ pọ́n lóde, kòkòrò lè kún inú rẹ̀. Nítorí èyí ni àwọn baba wa fi ń rán alárinà lọ wádìí ìdílé kí wọ́n tó gbé ìyàwó: wọ́n a bèèrè àrùn, wọ́n a bèèrè gbèsè, wọ́n a bèèrè ìwà. Kò sí àna tó jẹ́ ọmọlúàbí tó ka ìbéèrè yìí sí àrífín, torí òun náà ń wádìí tiwọn. Kí ló dé tí a fi gbà kí ìtìjú pa wá lẹ́nu mọ́ lọ́jà? Ọlọ́jà tí ọjà rẹ̀ dára ni ìdánwò ń gbè lẹ́yìn jù. Bí gbogbo ọjà bá ń lọ láìsí ìdánwò, iye kan náà ni a ó máa san fún ẹ̀tàn àti òótọ́, òótọ́ ni yóò sì kọ́kọ́ kógbá wọlé.