Ìṣó Ara Ọ̀pá Ọ̀rányàn àti Agolo Bàbá Mi

Ìsinmi iléèwé tó kọjá ni mo kó àwọn ọmọ mi méjèèjì lọ sí Ilé-Ifẹ̀ láti wo Ọ̀pá Ọ̀rányàn. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ orúkọ rẹ̀, àmọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kò jẹ́ kí n ráyè débẹ̀ rí.

Òkúta akọ ni, ó ga tó mítà 5.5. Bí géńdé mẹ́ta bá gun èjìká ara wọn, agbára káká ni ọwọ́ ẹni tó wà lókè fi máa tó orí rẹ̀. Wọ́n kan ìṣó irin mọ́ ọn lára. Ìtàn tí wọ́n sọ fún wa ni pé Ọ̀rányàn, akọni tó tẹ Ọ̀yọ́ dó, ní bí ogun bá dé kí wọ́n pe òun. Wọ́n pè é lásán, ó jáde, ó sì pa àwọn èèyàn rẹ̀ tó rò pé ọ̀tá ni. Ìgbà tó mọ̀, ó fi ọ̀pá gúnlẹ̀, kò padà wá mọ́.

Ọmọ mi obìnrin kò bìkítà fún ogun, ìṣó ló ń wò. "Mọ́mì, kí ni wọ́n kàn án fún?" Ẹni tó ń mú wa káàkiri sọ tirẹ̀, bàbá kan tó dúró nítòsí ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ó di àríyànjiyàn. Ọmọ mi ní, "Ẹni tó kàn án ṣáà mọ ìdí rẹ̀. Kí ló dé tí kò sọ?"

Ọ̀rọ̀ yẹn bá mi níbi tó ń dùn mí. Bàbá mi ṣubú lulẹ̀ lọ́jọ́ kan, wọn kò dìde mọ́. Ẹni ọdún 61 ni wọ́n. Gbogbo ẹbí ní ayé ló ṣe wọ́n. Ìgbà tí à ń palẹ̀ ẹrù wọn mọ́ ni mo rí agolo bisikíìtì kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ló kún inú rẹ̀. Èmi nọ́ọ̀sì, ọmọ wọn, n kò mọ̀! Wọn kò fẹ́ kí ọkàn wa dààmú ni. Ilé méjì ni wọ́n fi sílẹ̀, wọ́n pín in dáadáa sínú ìwé, àmọ́ wọn kò dárúkọ ogún tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa.

Ẹ̀jẹ̀ ríru máa ń rìn nínú ẹbí, kì í sì í sábà pariwo. Ara lè le koko kí ẹ̀rọ máa gbé 140/90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ jáde. Ọmọ tó bá mọ̀ pé ó wà nílé wọn á tètè lọ yẹ ara rẹ̀ wò, á dín iyọ̀ kù.

Kí n má purọ́ fún yín, èmi náà ti ń lo oògùn rẹ̀ láti ọdún 4 sẹ́yìn. Ibo ni mo ń tọ́jú rẹ̀ sí? Ìsàlẹ̀ báàgì iṣẹ́ mi, lábẹ́ yúnífọ́ọ̀mù.

Nínú ọkọ̀, nígbà tí à ń padà bọ̀, mo yọ ọ́ jáde, mo sọ fún wọn. Èyí ọkùnrin dákẹ́. Èyí obìnrin gba páálí náà, ó ka ara rẹ̀ títí, ó wá bi mí pé, "Mọ́mì, ṣé ẹ ti lo tòní?"

N kò tíì lò ó.