Jíìpù Ẹ̀gbọ́n Mi ní Ábíjàn

Ta ni yóò ka iye ọmọ Èjìgbò tí ó ń ṣòwò ní Ábíjàn tí kò ní rẹ̀ ẹ́? Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà nínú wọn. Adjamé ni ó ti ń ta aṣọ, Bingerville ni ilé rẹ̀ wà, ìlú tí àwọn Faransé fi ṣe olú-ìlú wọn títí di 1934. Ọ̀nà tí ó wọ ilé náà kò ní ọ̀dà. Ilẹ̀ pupa ni, òkè sì ni. Bí òjò oṣù kẹfà bá ti rọ̀, ọkọ̀ rẹ̀ kékeré kì í lè gùn ún, ẹsẹ̀ ni yóò fi parí ìrìn-àjò.

Ní ọdún méjì sẹ́yìn, ó pè mí lórí fóònù.

"Àbúrò, ìwọ tí o kàwé, Toyota RAV4 ni kí n rà ni, àbí Honda CR-V? Èyí tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ ń fà á ni mo fẹ́ o, kí àgbàrá má baà gbé mi lọ."

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ni ó dẹ́rù bà mí. Òjò tí ó rọ̀ ní Ábíjàn ní òru ọjọ́ 18 mọ́jú ọjọ́ 19, oṣù kẹfà, ọdún 2018, pa èèyàn 18 ó kéré tán. Omi bo mọ́tò ní Rivièra Palmeraie, ibẹ̀ sì ni ẹ̀gbọ́n mi ń gbà lọ sí ọjà.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Kò sí jíìpù tí ó jẹ́ ọkọ̀ ojú omi."

Mo ṣàlàyé fún un. Táyà iwájú ni ó sábà máa ń fa irú ọkọ̀ wọ̀nyí. Bí ó bá ń yọ̀ nínú ẹrẹ̀, tẹ̀yìn á wá ràn án lọ́wọ́. Òkè Bingerville gan-an ni wọ́n ṣe é fún. Ṣùgbọ́n kò ní jẹ́ kí ọkọ̀ tètè dúró, torí pé táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni bíréèkì gbogbo mọ́tò ń dì mú tẹ́lẹ̀. Omíyalé ńkọ́? Bí omi bá ti gba ibi tí ẹ́ńjìnnì ń mí wọlé, ó parí nìyẹn.

Èmi náà ti kọ́gbọ́n. CR-V tòkunbọ̀ ni mo ń gùn nígbà kan. Táyà ẹ̀yìn kan bẹ́ lójú ọ̀nà Ìbàdàn, mo ra ẹyọ kan ṣoṣo, mo fi mẹ́ta tí ó ti jẹ sílẹ̀. Mẹkáníìkì kìlọ̀ fún mi, mo ní kò sówó. Táyà tuntun ga díẹ̀ ju èyí tí ó ti jẹ lọ, nítorí náà yíyí wọn kò dọ́gba. Ọkọ̀ rò pé tiwájú ń yọ̀, ó ń ké sí tẹ̀yìn lójoojúmọ́ lórí ọ̀nà gbígbẹ. Kò pẹ́ tí ẹ̀yìn rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí mo bá ń yí i nínú ọgbà. Owó tí mo fi tún un ṣe ju owó táyà mẹ́rin lọ. Ìyàwó mi kò tíì gbàgbé.

RAV4 jáde ní 1994, CR-V ní 1995. Àwọn méjèèjì ti pẹ́ débi pé a mọ ìwà wọn. Mo mẹ́nu kan Subaru Forester, èyí tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ ń fà nígbà gbogbo, mo sì bi í bóyá mẹkáníìkì rẹ̀ ti tú u rí. Ó ní rárá. A gbé e tì.

Ó ti rí CR-V olówó pọ́ọ́kú kan ní Kútọnu, ṣùgbọ́n ó ti dàgbà jù. Láti oṣù keje 2018, Côte d'Ivoire kì í gba ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àlòkù tí ó ti ju ọdún márùn-ún lọ wọlé. (Ohun tí àwa ń pè ní tòkunbọ̀, "France au revoir" ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, bí ẹni tí ó ń dágbére fún Faransé.) RAV4 kan tí ó ti ní ìwé Ábíjàn tẹ́lẹ̀ ni ó rà níkẹyìn, nítorí pé mẹkáníìkì rẹ̀ mọ̀ ọ́n tinú-tòde. Ó yọ owó táyà mẹ́rin sọ́tọ̀ kí ó tó sanwó ọkọ̀.

Ó gbé e wá sílé ní oṣù Kejìlá, ó gba Gánà, Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ kọjá, ó ju 1,000 kìlómítà lọ. Kí n tó kí i tán, mo ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ń wo táyà. Ó rẹ́rìn-ín títí.

Ní oṣù kẹfà tí ó tẹ̀ lé e, ó pè mí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Mo ń gbọ́ òjò lórí páànù lẹ́yìn ohùn rẹ̀.

"Àbúrò, Adjamé ni mo ṣì wà. Ọkọ̀ wà níta, èmi wà nínú ṣọ́ọ̀bù. Ó di ìgbà tí omi Palmeraie bá fà."