Kíndìnrín Ẹlẹ́dẹ̀



Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi máa ń rìn létí adágún Southmere ní Tavy Bridge, nítòsí ibi tí àwọn ṣọ́ọ̀bù àtijọ́ wà kí wọ́n tó wó wọn. Ìrìn rẹ̀ kò yá mọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni ẹ̀rọ ń bá a fọ ẹ̀jẹ̀, nítorí kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì ti daṣẹ́ sílẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó dúró, ó ní, "Àbúrò, ìwọ tí o ti sin ẹlẹ́dẹ̀ rí, ṣé lóòótọ́ ni wọ́n ń fi kíndìnrín rẹ̀ sí ènìyàn lára?"

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́ lóko ẹlẹ́dẹ̀ n'Íbàdàn, Alhaji yìí kì í jẹ́ kí n jókòó sórí àga òun bí n kò bá tíì wẹ̀!

Mo ṣàlàyé fún un. Ní oṣù kẹta ọdún 2000 ni ilé iṣẹ́ PPL Therapeutics, tó lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ àgùntàn Dolly, kéde pé wọ́n ti bí ẹ̀dà ẹlẹ́dẹ̀ márùn-ún ní Blacksburg, ní Amẹ́ríkà. Wọn a yọ kóró inú ẹyin ẹlẹ́dẹ̀ kan kúrò, wọn a fi sẹ́ẹ̀lì ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fẹ́ rọ́pò rẹ̀. Bó bá ti di ọlẹ̀, ó kù kí wọ́n wá abo tí yóò gbé e. Ibẹ̀ niṣẹ́ wà. Ẹnu ilé-ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ rí wọ́gọwọ̀gọ, ó ṣòro láti ti ibẹ̀ wọlé. Nítorí náà, wọn a fún abo náà ní oògùn oorun, wọn a là á nínú, wọn a fa ọ̀nà tí ẹyin ń gbà jáde díẹ̀, wọn a sì fi ọ̀pá tín-ín-rín kó ọlẹ̀ sí i. Ó lè lé ní ọgọ́rùn-ún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nítorí èyí tó pọ̀ jù ni yóò kú. Bí èyí tó kù kò bá sì tó bíi mẹ́rin, oyún náà kì í sábà dúró. Bó bá dúró, oṣù mẹ́ta, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àti ọjọ́ mẹ́ta ni. Ìyẹn kò yàtọ̀ sí ti Ìbàdàn.

Ẹ̀gbọ́n ní, "Wọ́n là á nínú nítorí ọmọ tí kì í ṣe tirẹ̀?" Àánú ṣe é. Èmi tí mo ti tẹ ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ lọ́dàá láìlo oògùn kankan, kí ni mo fẹ́ sọ?

Ó ní Ààfáà òun sọ pé bí ikú bá ń kanlẹ̀kùn, tí kò sí ọ̀nà mìíràn, Ọlọ́run yóò forí jini. Mo sọ ti Richard Slayman fún un, aláwọ̀ dúdú bíi tiwa, tí wọ́n fi kíndìnrín ẹlẹ́dẹ̀ sí lára ní Boston ní oṣù kẹta ọdún 2024. Ó kú ní oṣù karùn-ún, ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn náà ní àwọn kò rí àmì pé kíndìnrín náà ló fà á. Mo tún sọ fún un pé àwa aláwọ̀ dúdú máa ń dúró pẹ́ ju òyìnbó lọ nílẹ̀ yìí kí a tó rí kíndìnrín, torí pé àwa tí tiwa lè bára wa mu kì í sábà fi í sílẹ̀.

Ó wò mí títí. "Tìrẹ ńkọ́?"

N kò rí èsì fọ̀. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ ni wọn yóò yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò.